Ìtọ́sọ́nà fún Wíwá Ewu Àtọ̀gbẹ Oríṣi Kejì Láàárín Àwọn Àgbàlagbà Àdúgbò

Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, lè wà lára àgbàlagbà fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ó fura. Ní 2021, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ, IDF, ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 24 àgbàlagbà ló ń bá àtọ̀gbẹ lápapọ̀ gbé ní ẹkùn Áfíríkà, àti pé 54 nínú 100 wọn ni kò tíì mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àdúgbò àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi máa ń gbé tábìlì kalẹ̀, pàápàá nígbà tí ọjọ́ 14 oṣù November, Ọjọ́ Àtọ̀gbẹ Àgbáyé, bá ti ń súnmọ́lé, tí wọ́n á máa gún àwọn ènìyàn níka lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á kọ nọ́ńbà kan sórí ìwé pélébé, tí oníkálùkù yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí kò darí ẹni tó ni ín síbì kankan kò tíì ṣe é lóore. Nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò àti àwọn olùyọ̀ǹda tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà dé òpin ní wọ́ọ̀dù kan nílẹ̀ Yorùbá ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, ohun tí yóò sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò ni a ó kọ́kọ́ múra sí.

Wíwá ewu yàtọ̀ sí wíwá àrùn. Ìbéèrè, téèpù àti òṣùwọ̀n tó láti mọ ẹni tí ewu rẹ̀ ga. Ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ ẹni tí àrùn ti wà lára rẹ̀. Bí a bá fi ìwé ìbéèrè ṣáájú, àwọn tí ó yẹ nìkan ni a ó ná owó ẹ̀jẹ̀ lé lórí. Ìwé ìbéèrè tí a ó lò níbí ni FINDRISC, tí Jaana Lindström àti Jaakko Tuomilehto gbé jáde ní Finland ní 2003. Ìbéèrè mẹ́jọ péré ni ó ní, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀ tí a ó rò pọ̀, kò sì sí ohun tí a ń dá lu lára nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wá ibi tí ẹ ó darí wọn sí

Ní 1968, Wilson àti Jungner kọ ìlànà mẹ́wàá fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí bí a ṣe ń wá àrùn lára ẹni tí kò ráhùn àìsàn. Lára rẹ̀ ni pé ìtọ́jú tí àwọn oníṣègùn fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ wà, pé ilé àyẹ̀wò àti ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó, àti pé iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ àṣeẹ̀kan-ṣíwọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ADDITION-Cambridge, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2012, tọpa àwọn ènìyàn tó lé ní 20,000 tí ewu àtọ̀gbẹ wọn ga ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, iye ẹni tó kú láàárín àwọn tí wọ́n pè wá fún àyẹ̀wò kò dín sí ti àwọn tí wọn kò pè. N kò rò pé a lè gbé èsì yẹn kalẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo bí ó ṣe wà, nítorí pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò tilẹ̀ wá fún àyẹ̀wò ní dókítà àdúgbò tí ó lè bá a ká àrùn náà mọ́ ibi kékeré lọ́jọ́ mìíràn. Síbẹ̀, ó kìlọ̀ fún wa pé àyẹ̀wò nìkan kì í gba ẹ̀mí là.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ yín, àti ilé ìwòsàn ìjọba tí ilé ìlera yẹn máa ń darí aláìsàn sí. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìjẹun ní láàbù, bóyá wọ́n ń ṣe HbA1c (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn) tàbí àyẹ̀wò omi ṣúgà tí a ń mu, iye tí wọ́n ń gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí dókítà máa ń wà níjokòó, àti bóyá metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, kì í tán nílé oògùn wọn. Ẹ bèèrè iye ẹni tuntun tí wọ́n lè gbà lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹni 15 ni, kò bọ́gbọ́n mu kí ẹ yẹ ẹni 500 wò lọ́jọ́ kan. Ẹ pín iṣẹ́ náà sí àdúgbò mélòó kan, kí ẹ sì máa ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí owó àyẹ̀wò láàbù bá ju agbára àwọn ará àdúgbò lọ, owó tí ẹ fẹ́ fi ra fìlà, aṣọ ẹgbẹ́ àti báńà ni kí ẹ fi san án fún àwọn tí máàkì wọn bá ga. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn létí àwọn onígbọ̀wọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: àṣẹ, ibi ìpàdé àti àwọn tí ẹ ó yẹ̀ wò

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì lọ kí baálẹ̀, ìyálọ́jà, lemọ́mù àti àwọn pásítọ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ilé ìjọsìn nìkan, nítorí àwọn obìnrin ni ó máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ọkùnrin tí ikùn wọn ti yọ tí wọn kì í sìí yọjú sí ilé ìwòsàn wà ní gáréèjì, ní ọgbà mẹkáníìkì àti ní ilé ayò. Àwọn ìyá tó ń tajà kò ní fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù kí èrò tó dé, tàbí kí ẹ mú ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà.

Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 35 ni kí ẹ pè. Ọjọ́ orí yìí bá ti àwọn tí wọ́n fi ṣe FINDRISC mu, nítorí ọdún 35 sí 64 ni wọ́n wà nígbà tí ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí kò tó bẹ́ẹ̀ lè wọlé bí ó bá sanra jù tí òbí rẹ̀ sì ní àtọ̀gbẹ, tàbí bí ó bá jẹ́ obìnrin tí ṣúgà rẹ̀ ga rí nígbà oyún. Aláboyún kò sí nínú èyí. Ibi ìtọ́jú aboyún ni kí ẹ darí rẹ̀ sí, nítorí ìlànà tirẹ̀ yàtọ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ kò nílò máàkì kankan. Ẹ bèèrè ìgbà tí ó rí dókítà kẹ́yìn, kí ẹ sì bá a ṣètò àtipadà bí ó bá ti pẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun èlò

Ẹ nílò téèpù tí kì í fà. Téèpù télọ̀ tó ti gbó máa ń gùn sí i, nítorí náà ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rúlà onírin kí ẹ tó lò ó. Òṣùwọ̀n ìwúwo gbọ́dọ̀ dúró lórí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú, kì í ṣe lórí ẹní tàbí iyanrìn. Ẹ fi ohun tí ẹ mọ ìwúwo rẹ̀ dán an wò láràárọ̀, bíi àpò sìmẹ́ǹtì oní-kílò-50 tí a kò tíì tú. Ẹ ó tún nílò ọ̀pá ìwọ̀n gíga, ẹ̀rọ ìfúnpá, ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà pẹ̀lú sítíríìpù tirẹ̀ gan-an, lánsẹ́ẹ̀tì àlòsọnù, ìbọ̀wọ́, òwú, omi, ọṣẹ, àpótí abẹ́rẹ́ tí nǹkan kò lè gún jáde, fọ́ọ̀mù, lẹ́tà ìdarísí tí a ti tẹ̀ sílẹ̀, àti rẹ́jísítà kan ṣoṣo. Ẹ fi aṣọ ta ibi kan fún ìwọ̀n ikùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bíbéèrè ọ̀rọ̀

Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù, nítorí àwọn olùyọ̀ǹda máa ń ka ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì sínú, tí wọ́n á sì tú u bí ó bá ṣe bọ́ sí wọn lẹ́nu, èyí tí ó ń sọ ìbéèrè kan ṣoṣo di oríṣi márùn-ún. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá sílẹ̀ ṣáájú, kí gbogbo yín sì bèèrè rẹ̀ bákan náà. Ẹ kí ènìyàn dáadáa, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ sọ fún un pé ó lè kọ̀ láìsí ìbínú, kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ.

Ọjọ́ orí ni àkọ́kọ́. Ẹni tí kò tíì tó 45 gba 0, ọdún 45 sí 54 gba 2, ọdún 55 sí 64 gba 3, ẹni tó ju 64 lọ gba 4. Ọ̀pọ̀ àgbà kò ní ìwé ìbí, ọjọ́ orí tí wọ́n sì kọ sí ibi iṣẹ́ lè má jẹ́ òótọ́, nítorí náà ẹ fi ìtàn wá a. Ẹni tí a ti bí kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960 ti kọjá 64. Ẹni tí a bí kí ogun Bìáfírà tó parí ní oṣù January 1970 ti pé 55. Ẹni tí a bí kí Shagari tó gorí àlééfà ní 1979 ti pé 45. Ẹni tí ó rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì ojú títì bọ́ sí apá ọ̀tún ní oṣù April 1972 yóò sì lè sọ bóyá ó ti ń lọ ilé ìwé nígbà náà.

Ìbéèrè lórí ẹbí gba sùúrù. Bí òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá ẹni, tàbí ọmọ tí ènìyàn bí bá ní àtọ̀gbẹ, máàkì 5 ni. Bí ó bá jẹ́ òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí, tàbí ọmọ wọn, máàkì 3 ni. Bí kò bá sí, 0. Ẹ má kàn bèèrè pé “ṣé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní ìtọ̀ ṣúgà?”, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni náà ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n nílé wa, ọ̀rẹ́ ìdílé tó dàgbà juni lọ sì ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú. Ẹ bèèrè báyìí: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ìyá tó bí yín lọ́mọ, bàbá yín, àwọn tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá kan náà, àti àwọn ọmọ tí ẹ bí, ǹjẹ́ dókítà ti sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn rí pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà?” Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bèèrè nípa òbí àgbà àti àwọn ará ilé òbí. Ẹni tó bá ní òun kò mọ̀, ẹ kọ pé kò mọ̀. Bí ó bá sọ fún yín pé wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá òun nítorí egbò tí kò jinná, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kí dókítà lè rí i, ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní máàkì lórí ohun tí a kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn kan á dákẹ́ nítorí wọn kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ pé àrùn wà nínú ìdílé wọn, pàápàá níbi tí ọmọ kan bá ti fẹ́ ṣègbéyàwó. Ìdí mìíràn nìyí tí tábìlì ìbéèrè fi gbọ́dọ̀ jìnnà sí orí ìlà.

Lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun tí FINDRISC fẹ́ mọ̀ ni bóyá ènìyàn ti lo oògùn rẹ̀ déédéé rí, kì í ṣe bóyá ó ń lò ó lónìí. Ẹni tó dá oògùn dúró nítorí ara rẹ̀ ti yá, tàbí nítorí owó, ṣì gba 2. Ẹ bi í pé kí ó mú páálí oògùn wá bí ó bá lè ṣe é, nítorí àwọn mìíràn ń lo oògùn náà láì mọ ohun tó wà fún. Bí wọ́n bá ti rí i rí pé ṣúgà rẹ̀ ga, ìbáà jẹ́ nígbà àìsàn, nígbà àyẹ̀wò lásán tàbí nígbà oyún, máàkì 5 ni.

Ìṣe ara àti oúnjẹ kù. Ẹni tí kì í lo ara rẹ̀ tó ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, níbi iṣẹ́ tàbí níta iṣẹ́, gba 2. Oko ríro, omi pípọn, rírìn lọ sí ibi iṣẹ́ àti gígún iyán wà nínú rẹ̀. Jíjókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ tàbí wíwa dánfó kò sí, bí ó ti wù kí ó rẹ ènìyàn tó. Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ tàbí èso lójoojúmọ́ gba 1. Ewédú, ilá, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre jẹ́ ẹ̀fọ́. Ata inú ọbẹ̀ kò tó láti kà. Àwọn tó ṣe ìwé náà sọ pé ìbéèrè méjèèjì yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kún agbára ìṣírò wọn. Wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ kí ẹni tí ń dáhùn lè rí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti yípadà. Ọgbọ́n dáadáa ni, mo sì fara mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: wíwọ̀n ikùn, ìwúwo àti gíga

Obìnrin ni kí ó wọn obìnrin, ọkùnrin ni kí ó wọn ọkùnrin. Kí ènìyàn tú ìró tàbí bẹ́líìtì, kí ó bọ́ agbádá, kí ẹni tí ó ní ìlẹ̀kẹ̀ ìdí sún un sísàlẹ̀. Aṣọ fúlẹ́fúlẹ́ kan ṣoṣo ni kí ó wà láàárín téèpù àti awọ. Ẹ fi ìka wá ibi tí egungun ìhà parí sí ní ẹ̀gbẹ́, ẹ wá góńgó egungun ìbàdí, kí ẹ sì gbé téèpù gba àárín méjèèjì, kí ó tẹ́jú yípo, kí ó má fún ara. Ẹ ní kí ó mí síta wẹ́rẹ́, kí ẹ sì ka nọ́ńbà ní òpin èémí yẹn. Àwọn ọkùnrin máa ń fa ikùn wọlé; ẹ bá wọn ṣàwàdà díẹ̀ kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Fún ọkùnrin, ohun tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 94 gba 0, 94 sí 102 gba 3, ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ gba 4. Fún obìnrin, gbèdéke náà jẹ́ 80 àti 88.

Bàtà, gèlè àti fìlà gbọ́dọ̀ kúrò kí a tó wọn gíga, kí fóònù àti kọ́kọ́rọ́ sì kúrò lápò kí a tó wọn ìwúwo. BMI ni kílò tí a pín lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú gíga ní mítà. Ìwọ̀n tí kò tó 25 gba 0, 25 sí 30 gba 1, ohun tó ju 30 gba 3.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àròpọ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ta aṣọ òfì ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 52 ni, ó wúwo ní kílò 78, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.60, èyí tó fún un ní BMI 30.5. Ikùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 96, ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, ó ń jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, ìjókòó ni ó ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe, wọn kò sì rí ṣúgà lára rẹ̀ rí. Ọjọ́ orí fún un ní 2, BMI 3, ikùn 4, àìlo ara 2, ẹ̀fọ́ 0, oògùn 2, ìtàn ṣúgà 0, ìyá 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18 nínú 26.

Ní Finland, ẹni tí kò tó máàkì 7 ní ewu ẹni kan nínú 100 láàárín ọdún mẹ́wàá. 7 sí 11 jẹ́ ẹni kan nínú 25. 12 sí 14 jẹ́ ẹni kan nínú mẹ́fà. 15 sí 20 jẹ́ ẹni kan nínú mẹ́ta. Ohun tó ju 20 lọ jẹ́ ẹni kan nínú méjì. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn ìdá yìí. Ara àwọn ará Finland ni wọ́n ti yọ wọ́n, ìwọ̀n ikùn tí a sì ń lò fún wa jẹ́ ti àwọn ará Yúróòpù tí IDF ní kí a máa lò títí ti Áfíríkà yóò fi wà. Nítorí náà, ẹ lo máàkì láti mọ ẹni tí ó yẹ kí ó ṣáájú, ẹ má sì fi ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Mo máa ń dábàá pé kí ẹni tó bá gba 12 sókè lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ilé ìwòsàn yín kò bá lè gba gbogbo wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 15. Ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣáá, tí ń tọ̀ léraléra lóru, tí ń rù láìgbààwẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò nílò máàkì kankan kí a tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè má mọ̀ nípa ẹbí wọn tàbí kí wọ́n má ti ṣe àyẹ̀wò ṣúgà rí, èyí tó máa ń jẹ́ kí máàkì wọn kéré ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ẹ má fi máàkì kékeré fi ẹni tí ikùn rẹ̀ tóbi lọ́kàn balẹ̀ pátápátá.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ̀jẹ̀

Àárọ̀ ni ó dára jù, kí ènìyàn má ti jẹun fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán; omi lásán kò ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n tíì, ẹ̀kọ mímu àti mínírà bà á jẹ́. Kí ó fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó sì nù ún gbẹ. Ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn tàbí tí ó jẹ máńgòrò lè gbé nọ́ńbà ga láìsí àrùn kankan. Ẹ gún ẹ̀gbẹ́ ìka, kì í ṣe orí rẹ̀, ẹ má sì fún un pọ̀ jù. Lánsẹ́ẹ̀tì kan fún ẹni kan ni, ẹ má sì lo pẹ́ẹ̀nì ìgúnka kan fún ènìyàn méjì kódà bí ẹ bá pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀, nítorí kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ B lè gba ara rẹ̀ ràn. Ẹ má dé abẹ́rẹ́ padà. Àpótí ni ó ń lọ tààrà, ẹ sì pa àpótí dé nígbà tí ó bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Oòrùn máa ń ba sítíríìpù jẹ́. Ẹ má fi í sínú ọkọ̀ tí a pa sí oòrùn, ẹ dé ìgò rẹ̀ kíákíá, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ sì fi omi ìdánwò tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ṣe dán an wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó lè ní nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ lórí ẹ̀rọ ọwọ́.

Nípa nọ́ńbà tí ẹ bá rí láìjẹun: ohun tí kò tó 110 mg/dL kò bani lẹ́rù, 110 sí 125 fi hàn pé ṣúgà ti ń yọjú, kí ó lọ sí láàbù láàárín oṣù kan, 126 sókè, kí ó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ti jẹun, nọ́ńbà tí ó tó 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọjọ́ náà gan-an bí àmì àrùn bá wà. 140 sí 199, ẹ pè é padà láìjẹun. Ẹ̀rọ tó ń ka mmol/L, ẹ sọ nọ́ńbà rẹ̀ di ìlọ́po 18. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga gan-an, tí ń bì, tí ń mí kíkankíkan tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń dàrú, ilé ìwòsàn ńlá ni ó ń lọ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí yóò sìn ín.

Ẹ̀rọ ọwọ́ kì í fi àrùn múlẹ̀. Láàbù ni ó ń ṣe é: 126 mg/dL sókè láìjẹun, tàbí 200 sókè ní wákàtí méjì lẹ́yìn mímu ṣúgà gíráàmù 75, tàbí HbA1c 6.5 sókè nínú 100, kí a sì tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn bí kò bá sí àmì àrùn. Ìgò oní-ìdérí aláwọ̀ eérú ni kí ẹ̀jẹ̀ náà wọ̀, nítorí pé nínú ìgò lásán, pàápàá nínú ooru tiwa, ẹ̀jẹ̀ á máa jẹ ṣúgà ara rẹ̀ títí yóò fi dé láàbù. Níti HbA1c, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ bí ẹni náà bá jẹ́ AS tàbí SS, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó, tàbí bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Fún SS, a kò gbọdọ̀ gbára lé e rárá. Fún AS, ó wà lọ́wọ́ irú ẹ̀rọ tí láàbù ń lò. Ní ilẹ̀ tí nǹkan bí ẹni kan nínú mẹ́rin ti jẹ́ AS, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: sísọ èsì

Ẹ má pariwo nọ́ńbà. Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni náà, kí ẹ sì sọ ohun tí èsì túmọ̀ sí: “Mà, a kò sọ pé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà. Ohun tí a rí ni pé ewu rẹ̀ súnmọ́ yín ju ti ẹlòmíràn lọ, a sì fẹ́ kí láàbù wò ó dájú. Lẹ́tà yín rèé. Ọjọ́ Wednesday ni wọ́n ń retí yín, Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń bọ̀.” Àwọn kan á ní àfọwọ́fà ni, àwọn mìíràn á ní àwọn kì í jẹ ṣúgà nítorí náà kò lè jẹ́ tàwọn. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ ṣàlàyé pé ìwúwo, ọjọ́ orí àti ìdílé wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì bẹ ẹni tí ń mu àgbo pé kí ó sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn tàbí àgbo ṣúgà sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òun ló fi owó ṣe onígbọ̀wọ́.

Ẹni tí ewu rẹ̀ ga ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé ìwọ̀n àrùn ni iṣẹ́ yìí lè ṣe lóore jù. Ní Finland ní 2001 àti ní Amẹ́ríkà ní 2002, ìwádìí méjì fi hàn pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá yí oúnjẹ àti ìṣe ara padà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ tí kò dáwọ́ dúró, ewu dídi alátọ̀gbẹ dín kù ní 58 nínú 100. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà lépa ni kí ìwúwo dín ní 7 nínú 100 àti rírìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Fún ìyá aláṣọ òfì wa, kílò márùn-ún àbọ̀ ni yẹn. Ẹ má sọ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ àmàlà mọ́, nítorí kò ní gbọ́. Ẹ ní kí ó dín òkèlè kù sí ìdajì, kí ó fi ewédú àti ẹ̀fọ́ dí àyè rẹ̀, kí ó fi omi rọ́pò mínírà àti máàtì, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà láràárọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: títẹ̀lé wọn

Rẹ́jísítà gbọ́dọ̀ ní àyè fún máàkì, nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ tí a fún un ní lẹ́tà, ọjọ́ tí ó dé ilé ìwòsàn, ohun tí láàbù rí, àti ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹnìkan tí a yàn fún iṣẹ́ yìí nìkan pe gbogbo ẹni tí a darí. Ẹni tí kò tíì lọ, ẹ bèèrè ohun tó dá a dúró: owó ọkọ̀, ìbẹ̀rù, ọkọ tí kò fọwọ́ sí i, tàbí pé ó lọ, wọ́n ní kí ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ tún un pè lẹ́yìn oṣù kan. Nígbà tí ẹ bá ń ròyìn iṣẹ́ yín, ẹ kọ iye ẹni tí a darí, iye tó dé ọ̀dọ̀ dókítà àti iye tí ń gba ìtọ́jú; iye ìka tí a gún kò tó láti fi ṣe ìròyìn.

Ẹni tí ewu rẹ̀ kéré lè padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti ń yọjú lẹ́yìn ọdún kan. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 de ìwé ìlera àwọn ènìyàn, nítorí náà ẹ má ya fọ́tò rẹ́jísítà sórí WhatsApp, ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ fà á lé ọ̀gá ilé ìlera alábọ́ọ́dé lọ́wọ́, kí òun àti ẹni tí ń pe àwọn aláìsàn jọ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì mú ọjọ́ tí wọn yóò tún jókòó láti yẹ orúkọ tó ṣófo wò.